Kí Ọdẹ Tó Tún Ìbọn Kì

Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń gbé káàkiri oko Ìwó títí dé etí odò Ọbà kò ní ojú tí ènìyàn lè gbà wo inú rẹ̀. Ẹnu ni ètù ń gbà wọlé, wọn á fi àkísà dí i, ọta á tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá yìn ín tí kò dún, ara òde rẹ̀ kò ní yí padà rárá. Níbi ìsìnkú àgbà ọdẹ, tí ìbọn mẹ́wàá ń dún pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ kọ̀ lè má fura. Á da ètù mìíràn lé ti àkọ́kọ́, á sì yìn ín. Irin tó bá bẹ́ kì í bẹ̀rù ayẹta.

Kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń fa kíkì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ogun Gettysburg ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1863, ìbọn tó lé ní 27,000 ni wọ́n ṣà lórí pápá. Nǹkan bí 24,000 ni ètù ṣì wà nínú wọn, wọ́n sì ti ki nǹkan bí ìdajì ìwọ̀nyí lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ogun tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìbọn ló ni wọ́n.

Ewu kan náà wà fún àwọn tó ń di ọta rìfọ́fà fúnra wọn fún ìdíje ní Amẹ́ríkà. Ikarahun ọta .38 Special ti wà láti ayé ètù dúdú, ó sì tóbi. Díẹ̀ ni ètù òde òní tó ń lò. A lè dà á lẹ́ẹ̀mejì kó má kún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń to ikarahun sórí pátákó, tí wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi ọta dé e. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 ka rìfọ́fà léèwọ̀, àfi fún ẹni tí Ààrẹ bá fún níwèé àṣẹ, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa ṣe ọta nílé. Ṣakabùlà pàápàá ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Fún ọdẹ, ọ̀pá ìkìbọn ni ẹ̀rí tó dájú. Nígbà tí inú ìbọn bá ṣófo, kí ó ti ọ̀pá náà kan ìsàlẹ̀, kí ó fi ọ̀bẹ fa ilà sára rẹ̀ níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Bí ó bá kì í tán, kí ó fa ilà kejì. Láti ìgbà náà lọ, bí ilà àkọ́kọ́ kò bá wọlé dé ẹnu ìbọn, nǹkan wà nínú rẹ̀; bí ilà kejì pàápàá kò bá dé ibẹ̀, a ti kì í ju bó ti yẹ lọ. Kí ojú àti àyà má wà níwájú ẹnu ìbọn bó ti ń ṣe é.

Ìbọn tó bá kọ̀, ibi tí kò sí ènìyàn ni kí a dojú rẹ̀ kọ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, torí iná lè ṣì máa jó lábẹ́lẹ̀. Òṣùwọ̀n kékeré ni a fi ń bu ètù: ẹ̀ta iná kan nínú ìbọn gbígbóná tó láti ran gbogbo ètù inú àdó. Ètù tí wọ́n tú nínú kátíríìjì le ju ohun tí ṣakabùlà lè gbà lọ.

Ilé kì í ṣe ibi ìkó ètù sí. Nígbà tí Bódìjà ní Ìbàdàn bú gbàù ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní, 2024, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. Ètù ọdẹ kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ó mọ níwọ̀n, kí ó jìnnà sí àdògán àti jẹnẹrétọ̀, kí ilẹ̀kùn ibi tó wà ní kọ́kọ́rọ́. Ìbọn tí a ti kì, kí a yìn ín sí òkìtì ilẹ̀ rírọ̀ lóko kí a tó gbé e wálé.