Ẹ Ra Píìkì Gidi Fún Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Karu, ọ̀rọ̀ gìtá àwọn ọmọ wa la bá wá. Àwọn kan ní kí wọ́n máa gé káàdì ATM tó ti kú fi ṣe píìkì, pé ìfowóṣòfò ni ká ra gidi. A ò gbà! Káàdì yẹn ò nípọn tó mìlímítà kan, 0.76 péré ni. Bí ọmọ bá fi ta jáàsì, á máa tẹ̀, ohùn ò ní já gaara. Jáàsì ń fẹ́ èyí tó kéré, tó le, tí ṣóńṣó rẹ̀ mú, bíi Jazz III ti Dunlop tó jẹ́ 1.38.

Ẹlòmíì á ní Wes Montgomery ò lo píìkì, àtàǹpàkò ló fi ń ta gìtá. Òótọ́ ni. Àmọ́ òun ló yàn án fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé àgbà kan ṣahun sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń náwó aṣọ ẹbí lóṣooṣù, ṣé owó píìkì ló wá wọ́n? Ẹni tí ò fún ọmọ lọ́kọ́, kó má bá a jà pé kò roko.