Owó Ni Wọ́n Fi Ń Wọn Gígùn Aṣọ Obìnrin

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa ní Erìjiyàn-Èkìtì

Aṣọ oníhò ni léèsì. Bí aránṣọ bá nà án sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba inú asẹ́. Síbẹ̀, bí ìyàwó olówó kan bá wọ léèsì wá síbi ìdúpẹ́ ìsìnkú ní Erìjiyàn-Èkìtì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ láti ọrùn dé ìbàdí, ìjókòó iwájú ni wọn yóò mú un lọ. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn á máa bi ara wọn pé ta ló rán an. Bí ọmọ kọ́ṣẹ́ irun bá gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, tó wọ bíláòsì tí fífọ̀ àti oòrùn ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìyá ìjọ kan á dìde, á fi ìborùn bò ó léjìká, á sì bá a sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí gbogbo àwọn tó jókòó nítòsí máa gbọ́. Ara tó hàn nínú aṣọ àkọ́kọ́ lè pọ̀ ju ti èkejì lọ. Owó ló bo ti àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń dá aṣọ obìnrin lẹ́jọ́ máa ń sọ pé ìwà ni àwọn ń wò. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀sìn ni, tàbí àṣà. Ipò ni wọ́n ń wò: ọmọ ta ni, mọ́tò wo ló gbé e wá, níbo ni wọ́n ti ra aṣọ náà, èló ni wọ́n rà á. Kí ojú tó dé orúnkún, ẹjọ́ ti parí. Àwọn àgbà kò fi èyí pa mọ́. Àwọn ló ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn ará òde òní ló wá fi ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wo kíjìpá. Ní ilẹ̀ Èkìtì àtijọ́, àwọn obìnrin ló ń hun ún nínú ilé, lórí òfì tí wọ́n gbé dúró ti ògiri, òwú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ran ni wọ́n sì fi ń hun ún. Kíjìpá nípọn, ó lálòpẹ́, kò sí ibi tí ojú lè gbà rí ara ẹni tó ró o. Bó bá jẹ́ bíbo ara ni ọ̀rọ̀ wà lórí, kíjìpá ni ìyàwó ìbá máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n aṣọ oko ni wọ́n kà á sí. Sányán, àlàárì àti ẹtù, tí owó àti àkókò wọlé sí lára, ni aṣọ iyì. Nígbà tó yá, léèsì dé. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Lustenau, ìlú kékeré kan ní Vorarlberg lórílẹ̀-èdè Austria, ti ń ṣe é ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 ló gbé e wọ gbogbo òde ayẹyẹ. Láàárín ìran kan, aṣọ tó bo ara di ti ìyá oko, aṣọ oníhò di iyì, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ìwàásù tó bá léèsì wí.

Àdìrẹ náà jìyà bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé aṣọ ìyá àgbà àti ti aláìní ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àwọn aránṣọ ńlá bíi Amaka Osakwe, tó dá Maki Oh sílẹ̀ ní Èkó ní 2010, fi àdìrẹ rán aṣọ tí wọ́n gbé lọ fi hàn ní New York, àwọn tó ń yínmú sí i tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Ti òléku ló tún pani lẹ́rìn-ín jù. Ìró tó mọ ní orúnkún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àti àwọn olùkọ́ ń wọ̀ nígbà tí síkẹ́ẹ̀tì miní gbòde, ni. Nígbà tí Túndé Kèlání fi Ó Le Kú, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, ṣe fíìmù ní 1997, aṣọ náà padà sóde, orúkọ fíìmù náà ló sì ń jẹ́ títí dòní. Orúnkún ń hàn nínú òléku, itan náà sì ń hàn bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jókòó. Síbẹ̀ ìyá àgbà ń wọ̀ ọ́ ṣe ọjọ́ ìbí, nítorí òórùn yunifásítì àti ìgbà tí nǹkan dára wà lára rẹ̀. Bí síkẹ́ẹ̀tì jíìnsì ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá bá mọ níbi tí òléku mọ, orúkọ tí wọ́n máa pe ọmọ náà kò ṣeé kọ síbí.

Àwọn tó ń dájọ́ yìí kì í purọ́ o. Ojú wọn ni ilé ti kọ́. Pierre Bourdieu, onímọ̀ ará Faransé tí wọ́n bí sí abúlé, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, kọ ìwé ńlá kan ní 1979 láti fi hàn pé ohun tí kálukú ń pè ní “ohun tó wù mí” máa ń tẹ̀lé ipò ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Kò wá sí Èkìtì rí kó tó kọ ọ́.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba jù. Ìjọ Ìràpadà, tí Josiah Akíndayọ̀mi dá sílẹ̀ ní 1952, le gan-an lórí ìmúra obìnrin: kò sí ṣòkòtò, kò sí yẹtí, orí gbọ́dọ̀ wà ní bíbò. Àwọn tó pọ̀ jù nínú ìjọ náà nígbà yẹn kì í ṣe olówó. Ní 1988, lábẹ́ Enoch Adéboyè, ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá páríìṣì irú mìíràn sílẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní mọ́dẹ̀lì, fún àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ńlá àti àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń rí towó ṣe. Níbẹ̀, obìnrin lè wọ ṣòkòtò, ó lè fi yẹtí sétí, kò sí ẹni tó máa bi í léèrè ohun tó fi bo orí. Ní àwọn páríìṣì àtijọ́, òfin ti tẹ́lẹ̀ ṣì ń múlẹ̀ nígbà náà. Bíbélì kan náà, alábòójútó àgbà kan náà. Irú ènìyàn tó jókòó sórí àga ló yàtọ̀. Ọgbọ́n ni ìjọ náà lò, wọn kò fẹ́ kí òfin aṣọ lé àwọn tí wọ́n ń wá sá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tún sọ pé ìwé mímọ́ nìkan ló ń sọ bí gígùn yẹ̀rì ṣe gbọ́dọ̀ mọ.

Kérúbù àti Séráfù, tí Moses Orímóladé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, gba ọ̀nà mìíràn: gbogbo ènìyàn wọ sùtánà funfun, ìyàwó onímọ́tò àti aláàárù di ọgba. Èrò tó dára púpọ̀ ni. Lónìí, sùtánà oníléèsì ti wà.

Kí a má sì rò pé bíbo ara ló ń gba obìnrin sílẹ̀. Ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi tí ìsọjí ajíhìnrere Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbé dé lẹ́yìn ti Òkè Oòyè ní Iléṣà ní 1930, tí wọ́n sì sin ín sí ní 1959, ọmọbìnrin tó bo orí, tó wọ yẹ̀rì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ilẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Kó wọkọ̀ lọ sí Èkó lọ wá iṣẹ́ ní ilé gíga kan, wọ́n á pè é ní ará oko, wọ́n á ní “S.U.”, ọmọ ẹgbẹ́ Scripture Union, ni. Àwọn tó ń ké lórí ìhòòhò náà wà lára àwọn tó ń fi ẹni tó bora rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kò lówó jẹ̀bi bó bá ṣí ara, ó tún jẹ̀bi bó bá bò ó.

Ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí aṣọ ọmọ tálákà fi rí bó ṣe rí, kó lọ dúró nídìí ìyá tó ń ta òkìrìkà lọ́jọ́ ọjà. Ó já béélì, aṣọ dà sílẹ̀ lórí tapólì, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣà. Àwọn oníbàárà tó lówó lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ mú, nígbà tí owó rẹ̀ ṣì ga. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n wá kó èyí tó kù ní ẹ̀dínwó, èyí tó kù yẹn sì ni ọmọ kọ́ṣẹ́ ń rà: jíìnsì tó fún mọ́ itan, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ okùn tí ọmọ òyìnbó kan wọ̀ nígbà ooru, gáùn tí wọ́n rán fún ẹni tó kéré sí i. Ó wọ̀ ọ́ wo lórí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fà á sílẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀, ó sanwó. Àlòkù aṣọ wà lára ọjà tí ìjọba Nàìjíríà kò fẹ́ kó wọlé, ṣùgbọ́n ó ń gba Kùtọnu wọlé lójoojúmọ́. Ọmọ náà kọ́ ló yan gígùn aṣọ rẹ̀. Olówó kò ní irú ìṣòro yìí. Yóò ra aṣọ ní yáàdì, yóò gbé e fún aránṣọ, yóò ní kó sọ ọ́ kalẹ̀ dé kókósẹ̀, tàbí kó là á dé itan bó bá wù ú. Ohun tí owó ń rà gan-an nìyẹn, àǹfààní láti yàn. Ọmọ olówó tilẹ̀ lè ra jíìnsì tí wọ́n ti ya lórúnkún láti ilé iṣẹ́, kó sì san owó gọbọi lé e.

Bó bá mọ sí yíyínmú nìkan, à bá ní kí wọ́n máa yínmú wọn lọ. Ewu dé nígbà tí òfin bá gba pàṣán. Ní 2007, ọlọ́pàá kó àwọn obìnrin ní Èkó lórí ẹ̀sùn pé ìmúra wọn kò bójú mu. Ní 2008, Sẹ́nétọ̀ Eme Ufot Ekaette gbé àbá òfin wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Abùjá láti sọ irú ìmúra bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Àbá náà kò di òfin. Ká ní ó di òfin, ta ni ìbá kó sí i? Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni, ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀, ẹni tí kò mọ ọ̀gá ọlọ́pàá kankan. Ẹni tó jókòó sínú jíìpù onígíláàsì dúdú, tó ti géètì ilé rẹ̀ bọ́ sí géètì gbọ̀ngàn àríyá, ọlọ́pàá á kí i kú ọdún ni. Ní Malawi, níbi tí ààrẹ wọn, Hastings Banda, ti fòfin de síkẹ́ẹ̀tì kékeré àti ṣòkòtò fún obìnrin ní 1973, ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí òfin náà tó kúrò nílẹ̀.

Wọ́n á béèrè bóyá kí gbogbo ènìyàn wá máa rìn níhòòhò ni. Rárá o. Yorùbá mọ aṣọ oko yàtọ̀ sí aṣọ òde, ó sì mọ ohun tí wọn kì í wọ̀ lọ kí àna. Ṣùgbọ́n kí òfin kan náà mú gbogbo ènìyàn. Erìjiyàn sí Ìkógòsì kò jìnnà. Níbẹ̀, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, àlejò ń sanwó wọlé, wọ́n ń wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń lọ. Ojú àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ ìlú wá wọ ṣòkòtò péńpé tó gùn ju ìyẹn lọ kọjá níwájú ààfin, kí a wo iye ẹni tó máa dá a dúró.

Ẹnì kan wà tó rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kàwé ní Abẹ́òkúta àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà dé ní 1922, ó sì ń wọ gáùn bíi ti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ kó jọ. Nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí ọ̀rọ̀ owó orí ń di ìjà, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà ní 1946 sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá. Kò sọ pé gáùn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá wọ gáùn dúró níwájú ẹni tó ń ta gàrí, aṣọ á ti sọ̀rọ̀ kí òun tó lanu. Nínú ìró ni wọ́n jọ kọjú ìjà sí Aláké ní 1947, Adémọ́lá Kejì sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ìró àti bùbá náà ni àwọn obìnrin ń wọ̀ lóde lónìí, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí ló ń pín àga báyìí: ẹni tí kò lè ra ti ọdún yìí, ẹ̀yìn ló máa jókòó sí, oúnjẹ á sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ilé ìwé ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́kọ́ gbọ́ irú ìdájọ́ yìí. Ọmọ tó wọ girama ń ga, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ga. Nígbà tó bá fi di ọdún kẹta, aṣọ tó wà nísàlẹ̀ orúnkún ti gun òkè, bọ́tìnnì àyà ti ń fà. Bàbá rẹ̀ ń dúró de owó kòkó. Olùkọ́ tó ní ọmọ yìí ń fi ara han ọkùnrin, tó sì lé e padà sílé, ti ka àìní sí ìwàkiwà. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń kọ́ gbọ̀ngàn fún ilé ìwé, tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn gàdàgbà sára rẹ̀, lè ra aṣọ yunifọ́ọ̀mù ní ìdì, kí wọ́n kó o fún olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní aṣọ rírán, kí ọmọ tí tirẹ̀ bá ti kúrú gba yáàdì tó máa tó o láìjẹ́ pé wọ́n pè é jáde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn aránṣọ ìlú ṣì máa ń ká aṣọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ yunifọ́ọ̀mù, olùkọ́ tó bá ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ sì lè tú u láàárọ̀ kí wọ́n tó lu agogo ìkẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́.