Eré àsápajúdé lójú omi Ìlàjẹ: Ẹni tó ń fàjẹ̀ tukọ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ sọ́nà

Ní ìlú ńlá, orí títì ọlọ́dà làwọn èèyàn ń gbà. Ní ọ̀pọ̀ abúlé etí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, omi ni títì. Ibẹ̀ lọmọ ń gbà lọ sílé ìwé, ibẹ̀ nìyá ẹlẹ́ja ń gbà lọ sọ́jà Igbókọ̀dá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé aláìsàn gbà. Ìdí nìyí tí eré àsápajúdé tí àwọn ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì ń sá láàárín ilé fi yẹ kó kan gbogbo èèyàn.

Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọjá, ìgbì tó dá sílẹ̀ kì í bá a lọ. Á ya lu ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fàjẹ̀ tù, omi á sì rọ́ wọnú rẹ̀. Á lu òpó igi tí wọ́n kọ́lé lé lórí, á sì máa họ ẹrẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lóòótọ́, òkun ló ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, kì í ṣe ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkun ń lé níwájú, kò yẹ kí ọkọ̀ tún máa lé e lẹ́yìn.

Àwọn awakọ̀ náà ní àwíjàre tiwọn. Epo bẹntiróòlù wọ́n, ọ̀nà jìn, iye ìgbà tí wọ́n bá sì ná an lóòjọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa rìn bí ìgbín lójú agbami. Ohun tó tọ́ ni pé níbi tí ilé, ilé ìwé àti èbúté bá wà, kí wọ́n rọra. Kí wọ́n sì ti dẹwọ́ eré kí wọ́n tó débẹ̀, torí pé ọkọ̀ tó dín eré kù díẹ̀, tí imú rẹ̀ ṣì gbé sókè, lè dá ìgbì tó ju tẹni tó ń sáré lọ. Àfi kó rọra pátápátá. Ọkọ̀ tó gbé aláìsàn nìkan ló yẹ kí wọ́n yọ̀ǹda fún.

Kì í ṣe ohun àjèjì. Ní Venice, ìlú orí omi lórílẹ̀-èdè Ítálì, òfin kò gbà kí ọkọ̀ sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 7 ní wákàtí kan lójú odò ńlá tó la ìlú náà já, nítorí pé ìgbì ń ba ìpìlẹ̀ ilé jẹ́. Lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, kìlómítà 50 ni òfin ìrìnnà fọwọ́ sí fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàárín ìlú. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ tọ́ sáwọn ará Ìlàjẹ náà.

Kò ṣeé ṣe láti mọ gegele sójú omi bíi ti títì. Nítorí náà, kí àjọ NIWA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1997 láti bójú tó ọ̀nà orí omi, ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn ọba, àwọn baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ awakọ̀ ojú omi jókòó pọ̀. Kí wọ́n ri òpó tí wọ́n kùn ní pupa mọ́ àbáwọlé abúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi owó ìtanràn tó mọ níwọ̀n lé ẹni tó bá tàpá sófin. Ẹgbẹ́ awakọ̀ ló lè mú un ṣẹ jù, torí àwọn ló mọ ara wọn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan tí awakọ̀ bá pàdánù níwájú abúlé kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìyá tó ń fàjẹ̀ tukọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn lè pàdánù.