Ẹ Má Tíì Pè É ní Àbíkú

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Ní àdúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá kan wà tí gbogbo àwa ọmọdé ń pè ní Àǹtí. Ọmọ márùn-ún ló bí. Àwọn obìnrin méjèèjì wà láàyè títí dòní, èyí àgbà tiẹ̀ ti lọ́kọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ni kò dúró. Bó ṣe máa ń lọ nìyí: wọ́n á bí ọmọ, á sanra, á máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Tó bá ti tó bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, òtútù àyà á mú un. Wọ́n á tọ́jú ẹ̀, á san. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Ìyẹn náà á san. Òtútù àyà á tún padà dé. Kò sí èyí tó pé ọdún mẹ́ta nínú wọn. Orúkọ àbíkú ni wọ́n sọ ìkẹta, irú orúkọ tó ń bẹ ọmọ pé kó jọ̀ọ́ kó dúró. Òun náà ò dúró. Ìyá ọkọ sì sọ ọ́ létí gbogbo ilé pé ọwọ́ Àǹtí ò mọ́.

Mi ò lè sọ ohun tó pa àwọn ọmọ yẹn. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó béèrè nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ másítà, olùkọ́ wa ya ìdílé kan sójú pátákó: onígun mẹ́rin fún ọkùnrin, róbótó fún obìnrin, ìlà gba inú ẹni tó bá ti kú. Àwọn onígun mẹ́rin nìkan ni ìlà gba inú wọn. Àyà mi já. Ilé Àǹtí ni mo rí lójú pátákó yẹn.

Dókítà ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, Ogden Bruton, ló kọ́kọ́ kọ nípa àìsàn tí olùkọ́ wa ń ṣàlàyé lọ́jọ́ náà, ní 1952. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ kan ló ń tọ́jú, tí àrùn ń padà bá ṣáá. Nígbà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, ó rí i pé gamma globulin, ìyẹn apá ẹ̀jẹ̀ tí antibody máa ń wà, kò sí níbẹ̀. Antibody ni ohun ìjà tí ara ń rọ láti fi bá kòkòrò àìfojúrí jà. Bruton bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ náà ní èyí tí wọ́n yọ látinú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì, ara ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ní 1993, àwọn onímọ̀ rí jíìnì tó bà jẹ́ gan-an. BTK ni wọ́n ń pè é, orí krómósómù X ló sì wà.

Orí X tó wà yẹn ló fa gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ rí n'Ísẹ́yìn mọ̀ pé tí òwú kan bá já nínú èyí tí wọ́n ta, tí wọn ò sì so ó, ibẹ̀ á máa hàn lára aṣọ lọ ni. Àmọ́ tí òwú méjì bá wà lójú kan náà, ọ̀kan lè bo àléébù èkejì. Obìnrin ní X méjì. Tí ọ̀kan bá bà jẹ́, èkejì á ṣiṣẹ́, ara ẹ̀ á le koko. Ọkùnrin ní X ẹyọ kan péré, kò ní àfirọ́pò. Nítorí náà, ìyá tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé jíìnì yìí láìmọ̀. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá bí, bí ẹni ju kọ́bọ̀ sókè ni: ó lè bọ́ síhìn-ín, ó lè bọ́ sọ́hùn-ún. Àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ náà lè gbé e lọ sílé ọkọ láìsí pé wọ́n ṣàìsàn ọjọ́ kan.

Kí ló wá dé tí ọmọ fi máa ń dára ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́? Antibody ìyá ẹ̀ ni. Láti inú oyún ni ìyá ti fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni ohun tí ìyá fún un yìí ń tán lára ọmọ, tó bá sì ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ku ọmọ ku ara ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o: ìyá tí wọ́n ń pè láàjẹ́ yẹn gan-an ló ń dáàbò bo ọmọ ẹ̀ títí ohun tó ní fi tán.

BTK kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Irú àìsàn àbímọ́ni tó ń ba ètò ààbò ara jẹ́ báyìí ti ju 450 lọ. Èyí tó le jù ni wọ́n ń pè ní SCID. Ọmọ tó ní i kì í sábà pé ọdún méjì láìsí ìtọ́jú. Ẹ lè ti gbọ́ nípa David Vetter, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1971, tó gbé inú yàrá oníke títí di 1984 tó kú. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ti kú ní ọmọ oṣù méje ṣáájú ẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ò sì ní nǹkan kan. Ikú ẹ̀gbọ́n yẹn ló jẹ́ kí àwọn dókítà múra dè é kí wọ́n tó bí i.

Èrò tèmi nìyí: àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, n'Ísẹ́yìn, ní Ṣakí, n'Ígbòho, láì dúró de ẹ̀rọ kankan.

Ìbéèrè ni àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá gbé ọmọ tí òtútù àyà mú lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún kan wá, tàbí ọmọ tí kò sanra, tí funfun ò kúrò lẹ́nu ẹ̀, tí ìgbẹ́ gbuuru ò dá, kí nọ́ọ̀sì béèrè pé: àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ńkọ́? Àwọn arákùnrin ìyá ẹ̀ ńkọ́, ṣé èyí tó kú ní kékeré wà níbẹ̀? Tí àyẹ̀wò HIV bá ní kò sí, ká má ṣe tìtorí ìyẹn gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, nítorí HIV nìkan kọ́ ló ń ba ààbò ara jẹ́. Kí dókítà sì tan tọ́ọ̀ṣì sọ́fun. Àwọn ọmọ tí BTK wọn bà jẹ́ kì í sábà ní tonsil tó ṣeé rí, ìyẹn ẹran kékeré méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà ọ̀fun. Owó ṣẹ́nji kankan ò sí nínú ìyẹn.

Èkejì ni èsì àyẹ̀wò tí a ti sanwó ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe FBC fún ọmọ. Iye lymphocyte, ọ̀kan lára sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, máa ń wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ láàbù ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àgbàlagbà tí tiẹ̀ jẹ́ 1,500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan ò níṣòro. Ọmọ oṣù mẹ́ta tí tiẹ̀ jẹ́ 1,500 wà nínú ewu, torí ó yẹ kó ju 3,000 lọ. Ìwé á sì kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan! Kí láàbù tẹ òṣùwọ̀n ọmọdé sínú ìwé èsì ọmọdé, iye owó táádà ni.

Ẹ̀kẹta, kí á tètè sọ ọ́. BCG tí a ń fún ọmọ tuntun ní kòkòrò tó wà láàyè, tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ti gbà là, ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ mi kọ àjẹsára o. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ní SCID, ó léwu gan-an. Tí ẹ bá ti sin ọmọ méjì báyìí, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gún ìkẹta. Àjẹsára tí àwọn ọmọ yòókù ládùúgbò bá gbà ló ń dáàbò bo èyí tí kò lè gbà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ: ibà ń pa ọmọ, oúnjẹ ò tó, ìwọ ń sọ̀rọ̀ àìsàn tó ṣọ̀wọ́n. Òótọ́ ni pé ìtọ́jú ẹ̀ wọ́n. Antibody tí wọ́n ń fà sí ọmọ lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin kì í ṣe owó tálákà, bó tilẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ oògùn kòṣeémáàní ti àjọ WHO. Láti Ṣakí dé Ìbàdàn pàápàá, ìrìn ọjọ́ kan ni fún ẹni tó gbọ́mọ pọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ra oògùn fún ọmọ tí kò sí nínú ìwé. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ni Mòrókò wà, níbi tí Aziz Bousfiha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń ka irú àwọn ọmọ yìí, tí wọ́n sì ń dá dókítà lẹ́kọ̀ọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní 2002, láti mọ bí jíìnì ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tó fún wọn lẹ́jẹ̀: ìyá, bàbá àti ọmọ, ìdílé 30, èèyàn 90. YRI ni àmì wọn. Èmi náà ń lò ó lórí kọ̀ǹpútà mi. Kò sí láàbù jíìnì ńlá kan láyé tí kò mọ YRI. Ẹ̀jẹ̀ wa ti kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́, ìyá kan n'Ísẹ́yìn ò sì tíì mọ ohun tó pa ọmọ ẹ̀ mẹ́ta.

Ṣebí fòníkú-fọ̀ladìde náà, àbíkú là ń pè é tẹ́lẹ̀. Lónìí, kí wọ́n tó dájọ́ ìgbéyàwó, wọ́n á béèrè genotype. A kọ́ ọ, ó sì yé wa. Èyí náà á yé wa, ká ṣáà mọ̀ pé genotype AA ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Nígbà Iléyá tó kọjá, mo lọ kí Àǹtí. Ọmọ ẹ̀ àgbà wà níbẹ̀, ó ti lóyún oṣù márùn-ún. Mo rọra ṣàlàyé, mo ní kò dá mi lójú, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ sọ ìtàn àwọn àbúrò ẹ̀ fún wọn níbi tó ti ń gba káàdì. Ó ní wọn ò béèrè. Mo ní kí wọ́n má dúró kí wọ́n béèrè. Àǹtí dákẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìyá ọkọ mi náà lè gbọ́ nǹkan tó o sọ yìí?"

Ìyá ọkọ ẹ̀ ti kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàyè, ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹlòmíì.