Tọ́ọ̀ṣì Kékeré: Ẹ Fi Tòmátì Dán An Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

  

Aago márùn-ún ìdájí ti lù, ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Mile 12. Tírélà tòmátì láti Òkè Ọya ti gúnlẹ̀, àwọn alábàárù ń sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá aláta kan láti Ìkòròdú fa tọ́ọ̀ṣì kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yọ, ó tàn án sójú apẹ̀rẹ̀. Ha! Iná yẹn mọ́lẹ̀ kọjá sísọ. Ìyá sanwó apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí oòrùn yọ, tó tún un wò, àṣé ìdajì ti ń rà! Owó àjọ ló fi rajà o. Ta ni kó bá jà?

Àwọn kan á ní ojú ìyá ló ń ṣe bàìbàì. Rárá o. Iná tó ń tàn ló tan ìyá jẹ.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Iná búlúù ni wọ́n fi ń ṣe iná funfun inú tọ́ọ̀ṣì òde òní. Iná búlúù yìí náà ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, Akasaki, Amano àti Nakamura, torí ẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014. Ẹ̀tù aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ń bò ó lójú kó tó di funfun. Nínú èyí tó pọ̀ǹkì, àwọ̀ pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ tòmátì, tàtàṣé, rodo, pupa ni gbogbo wọn! Iná tí kò ní pupa nínú, báwo ló ṣe fẹ́ fi èyí tó dáa hàn yàtọ̀ sí èyí tó ti ń rà?

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ ra tọ́ọ̀ṣì ní Kẹ́tù, ẹ mú tòmátì méjì dání, ọ̀kan tó dáa, ọ̀kan tó ti ń rà. Ẹ tan iná sí i níbi tó ṣókùnkùn. Bí ẹ ò bá mú tòmátì dání, àtẹ́lẹwọ́ yín ńkọ́? Bó bá rí bí ọwọ́ òkú, ẹ dá tọ́ọ̀ṣì náà padà. Èyí tí wọ́n kọ CRI 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára ló dáa, ṣùgbọ́n ẹ gba ojú yín gbọ́ ju páálí lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, lumen ni wọ́n fi ń ka ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe watt. Fún apẹ̀rẹ̀ yíyẹ̀ wò, 200 sí 300 ti tó. Tọ́ọ̀ṣì tí kò ju ìka lọ tó ń pariwo 1,000 lè tàn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n á gbóná, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ iná ẹ̀ á wálẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, bátìrì. Èyí tó wọ́pọ̀ ni 18650: mìlímítà 18 ni fífẹ̀ rẹ̀, 65 ni gígùn rẹ̀. Ojúlówó rẹ̀ kì í sábà kọjá 3,500 mAh. Èyí tí wọ́n bá kọ 9,900 sí lára, irọ́ pátápátá gbáà ni! Ẹ má sì ṣáàjì ẹ̀ mọ́jú lórí bẹ́ẹ̀dì o, ó lè gbiná.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì Ìkòsì, èyí tí wọ́n ń dè mórí ló tọ́ sí yín, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ má gbé àtùpà sún mọ́ ibi tí bẹntiróòlù ti ń jò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú òjò, kó wá èyí tí wọ́n kọ IPX4 sí.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí iná bá tan ojú jẹ, àpò ló ń sanwó ẹ̀. Ìyá Ìkòròdú ti sanwó tiẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ mú tòmátì dání.