Ilé wa kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì: ẹ̀sùn kan láti Sùúrùlérè

Mo fẹ̀sùn kan onílé tó lé ayálégbé jáde nítorí àlejò ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ̀sùn kan éjẹ́ǹtì àti alábòójútó shortlet (fúláàtì tí wọ́n ń fi gba àlejò fún ọjọ́ díẹ̀) tó ń fi àwòrán ta ohun tí kò sí. Mo sì fẹ̀sùn kan ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ní òfin lọ́wọ́ tó sì káwọ́ gbera. Gbogbo wọn ló jọ ń ba Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣin jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí n tó ka ẹ̀sùn náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ èyí tí kò kàn wọ́n sẹ́yìn. Gbígba àlejò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìlú etí òkun ni Èkó, àlejò ló sì sọ ọ́ di ohun tó dà. Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston dé nítorí ìsìnkú ìyá rẹ̀ tàbí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá ibi tí yóò sùn sí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, dípò kó lọ ná owó gọbọi sí Lekki tàbí Victoria Island. Ọ̀dọ̀ wa ni ẹbí rẹ̀ wà. Pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Ìbàdàn wà ní Alágómejì, ẹni tó bá sì dé Ojúẹlẹ́gba lóru kò ní wá oúnjẹ tì. Òtẹ́ẹ̀lì tó forúkọ sílẹ̀, tó gbé pátákó síta, tó ń san owó orí, ẹjọ́ mi kò kàn án. Ìyá arúgbó tó fi yàrá kan tó ṣófo nínú ilé rẹ̀ gba àlejò kó lè rí owó oògùn, ẹjọ́ mi kò kan òun náà. Àwọn tó kàn mọ ara wọn.

Ẹ̀sùn kìíní ni pé wọ́n ń fi irọ́ lé ènìyàn jáde nínú ilé.

Ó yẹ ká rántí ìdí tí Sùúrùlérè fi wà. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri kọlu Èkó ní 1924. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 pé kó tún ìlú tò. Nígbà tó di 1955, ìgbìmọ̀ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè, èyí tí wọ́n ń pè ní New Lagos nígbà náà. Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, gbé ìwé jáde ní 1961 nípa ohun tí ojú àwọn ìdílé wọ̀nyí rí: ìyálójà jìnnà sí àwọn oníbàárà rẹ̀, àgbàlagbà jìnnà sí àwọn ọmọ ìyá tó ń fún un lóúnjẹ. Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé àdúgbò wa, òbí tàbí òbí àgbà wọn ti jẹ ìyà kíkó kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan rí. Ìyà yẹn náà ni wọ́n tún fẹ́ fi jẹ wọ́n.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ ní ọjà Tẹ̀júoṣó. Ó ti pẹ́ nínú fúláàtì tó ń gbé débi pé ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ rẹ̀ ti lọ iléèwé tí wọ́n sì ti relé ọkọ. Kò jẹ owó ilé rí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú ìwé kúìtì wá fún un pé ọmọ onílé ń ti ìlú òyìnbó bọ̀, ó fẹ́ máa gbé nínú ilé bàbá rẹ̀. Ìyá náà kò bá wọn jà. Ó ní, “Ilé bàbá ẹ̀ ni, kó máa bọ̀.” Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú, níbi tó jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ló gbọ́dọ̀ ti wọkọ̀ bó bá fẹ́ tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi dé. Wọ́n hú ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tẹ́ táìsì tuntun, wọ́n ṣe POP sí àjà ilé, wọ́n fi iná aláwọ̀ àlùkò sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí kó tó ṣí. Ọmọ onílé kò dé títí di òní. Ohun tí à ń rí ni pé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àwọn tí a kò mọ̀ rí máa ń wọ́ báàgì gun àtẹ̀gùn.

Òfin tó de ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ní Èkó, èyí tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lù ní 2011, sọ pé bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọlọ́jọ́ méje, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá yọ òrùlé tàbí tó rán tọ́ọ̀gì wá láti fipá lé ayálégbé, òfin náà ní kó san owó ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Àwọn tí mo ń bá wí mọ òfin yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa irọ́ “ọmọ mi ń bọ̀”, torí irọ́ yẹn ló ń mú kí ọmọlúàbí dìde kúrò láì bèèrè ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ìwà rere ènìyàn jà á lólè.

Ẹ̀sùn kejì dá lórí ohun tí ojú àlejò fúnra rẹ̀ ń rí, torí ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé ìyá aláṣọ kò ráyọ̀ níbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin kan wálé láti Manchester pẹ̀lú ọmọ méjì. Orí WhatsApp ló ti rí fúláàtì kan ní Yábàá: àga funfun, bẹ́ẹ̀dì ńlá, iná wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ó san gbogbo owó kó tó kúrò lọ́hùn-ún, ó sì fi owó caution lé e, ìyẹn owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́. Òru ló dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá pàdé rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má bínú, àwọn tó wà ńbẹ̀ ló fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn. Ibi tí mò ń mú yín lọ yìí gan-an ló dáa jù.” Ibi tó dáa jù náà kò sí ní Yábàá rárá, inú lọ́hùn-ún ní Bàrígà ni. Àga ibẹ̀ kò funfun. Yúníìtì iná tó wà lórí mítà kò tó ti ọjọ́ kan. Wọ́n ní, “Ẹ ó ra tiyín, mà.” Íńfátà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ló lè gbé, kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Ní aago méjìlá òru, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Àbúrò mi fi ìwé ṣe abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó ń lọ, wọ́n ní gíláàsì wíńdò kan ti sán, pé owó caution ti bá a lọ. Gíláàsì náà ti sán kó tó dé ibẹ̀.

Bàrígà kò ní àbùkù. Ọmọlúàbí kún ibẹ̀. Irọ́ pípa ni mò ń bá wí: kí a máa pe Bàrígà ní Yábàá, kí àwòrán ilé kan máa ta ilé mẹ́rin, kí owó iná fara pa mọ́ títí àlejò yóò fi sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tó ń ta gààrí tó bá fi òṣùwọ̀n èké wọ̀n ọ́n, àwọn ará ọjà yóò pariwo lé e lórí. Ta ló ń pariwo lé àwọn wọ̀nyí lórí?

Ẹ̀sùn kẹta ló ká mi lára jù: wọ́n ń wo ojú ènìyàn kí wọ́n tó fún un nílé.

Ní 1947, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ivor Cummings dé sí Èkó. Ọ̀gá ni lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń mójú tó àwọn ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí. Ará Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ dè é ní òtẹ́ẹ̀lì Bristol. Nígbà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n ní àwọn kò gbà á mọ́. Èkó gbaná. Àwọn olóṣèlú àti àwọn ọ̀dọ́ fárígá débi pé Gómìnà Arthur Richards fúnra rẹ̀ ní láti pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi àwọ̀ ṣe ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa kò gbà kí wọ́n fi ojú lásán ka ènìyàn mọ́ ẹni tí kò yẹ fún yàrá.

Ẹ lọ bèèrè lónìí lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó ríbi gbé. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Éjẹ́ǹtì wo ìka rẹ̀, ó ní: “Ọkọ yín ńkọ́? Lánlọ́ọ̀dù ò gba obìnrin tí ò lọ́kọ o.” Fún ẹlòmíràn, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi lé e: ẹ̀yà báyìí làwọn ò fẹ́, ẹ̀yà báyìí ló máa ń fa wàhálà. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala kejìlélógójì, lòdì sí kí a tìtorí ẹ̀yà tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin fi ẹ̀tọ́ du ọmọ orílẹ̀-èdè. Onílé tí kò gba ọmọbìnrin wa fún ọdún kan yìí kan náà ni kì í bèèrè ẹ̀yà tàbí ọkọ lọ́wọ́ àlejò tó fẹ́ sùn fún ọjọ́ méjì. Owó ọjọ́ méjì ti fọ ojú rẹ̀. Ìwà tí àwọn bàbá wa dìde sí ní 1947 ni, àwa la wá ń fi ọwọ́ ara wa hù ú sí ọmọ ara wa.

Ẹ̀sùn kẹrin kò gba àlàyé púpọ̀, gbogbo ayálégbé ló mọ̀ ọ́n. Bí fúláàtì tí a lè gbé ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù ń ga. Òfin 2011 ní onílé kò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ìyà rẹ̀ sì ni ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin yẹn yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ Sùúrùlérè, kò yọ Yábàá, kò yọ Múṣin. Ìjọba sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé owó éjẹ́ǹtì kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé lọ. Síbẹ̀ wọ́n ń gba ọdún méjì, wọ́n ń gba owó ìyẹ̀léwò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kàn mú lọ wo ilé, òmíràn kò sì ní já rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ òfin ní kó já a.

Ti ìjọba ló kù, òun sì ni ẹ̀bi rẹ̀ wúwo jù, torí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ìforúkọsílẹ̀ àti àkóso òtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Èkó ló jàre lọ́jọ́ náà. Láti 2009 ni ìpínlẹ̀ ti ní òfin tó ń gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn pọ̀pọ̀ṣìnṣìn òpin ọdún 2024 tí wọ́n ń pè ní Detty December, ìjọba kéde pẹ̀lú ìdùnnú pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ló wọlé, pé àwọn shortlet nìkan pa tó mílíọ̀nù mẹ́tàlá. Wọ́n mọ iye owó tó wọlé. N kò gbọ́ kí wọ́n ka iye ayálégbé tó jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe. Ìlú etí òkun ni Barcelona náà, ó sì ti wà tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí owó ilé fẹ́ pa àwọn ọmọ onílùú, olórí ìlú náà, Jaume Collboni, kéde ní 2024 pé nígbà tó bá fi di òpin 2028, ìwé àṣẹ gbogbo fúláàtì tó lé ní ẹgbàárùn-ún tí wọ́n ń fi gba àlejò yóò kásẹ̀ nílẹ̀, kí àwọn ilé náà lè padà sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ máa gbé ibẹ̀. Ní Venice, àwọn tó ṣẹ́kù sí àárín ìlú àtijọ́ kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta mọ́. Àlejò ló kún ibẹ̀, àwọn ọmọ onílùú ń tán lọ. Ṣé a ó dúró kí Sùúrùlérè dà bẹ́ẹ̀ ni?

Ohun tí mo ń bèèrè kò ju agbára ìjọba lọ. Kí wọ́n forúkọ gbogbo shortlet sílẹ̀, kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ sì wà lára àwòrán tí wọ́n fi ń polówó. Kí ó di èèwọ̀ láti sọ fúláàtì tí wọ́n lé ayálégbé jáde nínú rẹ̀ di shortlet kí ọdún méjì tó pé. Kí owó caution má wà lọ́wọ́ alábòójútó nìkan. Kí wọ́n sì fi ẹnì kan ṣoṣo jófin lórí òfin 2011, kí gbogbo ayé rí i.

Ẹ̀yin ará wa tó ń bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ bèèrè orúkọ òpópónà, kí ẹ rán ẹbí yín kan lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe jáde. Bí ìdáhùn náà bá burú, ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì tó forúkọ sílẹ̀. Ìwọ tí wọ́n sì já ìwé kúìtì fún lónìí, má tíì di ẹrù. Gbé ìwé náà, rìsíìtì rẹ àti àgírímẹ́ǹtì rẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Wọn kì í gba owó.