Ẹ Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀, Ẹ Má Fi Ilé Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín baba àti ọmọ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, tí ẹnu àwọn ènìyàn kò sì kò lé lórí. Bí a bá dákẹ́, a ó dà bí ẹni tí ó rí iná lórí òrùlé aládùúgbò rẹ̀, tí ó ní kò kan òun. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọmọ wa kan ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún, tí wọn kò ra ilé, tí wọn kò sì háyà ilé, tí ó jẹ́ pé ilé onílé ni wọ́n ń ṣọ́ kiri láti oṣù dé oṣù, tí wọ́n sì ń pe èyí ní òmìnira. Àwọn kan nílé níbí sì ti ń fẹ́ fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe.

Kí a má baà máa bá òjìji jà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé. Ní ọdún 1994, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ William Bengen, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí owó, ṣe ìṣirò kan. Ó yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún wò ní ilẹ̀ wọn, ó sì rí i pé bí ẹni tí ó fẹ̀yìn tì bá fi owó rẹ̀ ra ìpín ilé-iṣẹ́ àti ìwé gbèsè ìjọba, tí ó ná ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní ọdún kìíní, tí ó sì ń bù kún un bí ọjà ti ń wọ́n sí i, owó náà yóò tó o ná fún 30 ọdún. Láti inú ìṣirò yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti fa ẹ̀kọ́ wọn yọ: ẹni tí ó bá ti kó ìlọ́po 25 owó tí ń ná lọ́dún jọ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹni tí ń ná £20,000 lọ́dún, £500,000 ni yóò kó jọ. Ṣùgbọ́n bí owó ilé kò bá sí nínú ìnáwó rẹ̀, iye tí yóò kó jọ yóò dín kù púpọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ ilé ti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Brighton ṣe àpẹẹrẹ, ìlú etí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará London ti máa ń lọ gba atẹ́gùn, pàápàá láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti so ìlú méjèèjì pọ̀ ní 1841. Níbẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní TrustedHousesitters, tí a dá sílẹ̀ ní 2010. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú onílé tí ń lọ sí ìrìn-àjò mọ ẹni tí yóò gbé inú ilé dè é. Onílé kò gba owó ilé, aṣọ́lé kò gba owó iṣẹ́. Tọ̀tún-tòsì ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Aṣọ́lé yóò bọ́ ajá, yóò bọ́ ológbò, yóò bomi rin òdòdó, yóò sì gbé àpótí rẹ̀ jáde nígbà tí onílé bá dé. Ọ̀sẹ̀ kan níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń yí po.

A mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí. Wọ́n ní ìmẹ́lẹ́ ni. Wọ́n ní ọmọ tí a fi owó kòkó rán lọ sí ilé-ìwé kò yẹ ní ẹni tí yóò máa fa ajá òyìnbó kiri etí òkun. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin baba. Kí ènìyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí agbára rẹ̀ tó tán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìwé Númérì, orí kẹjọ, a pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ Léfì pé kí wọ́n wọ iṣẹ́ àgọ́ ní ẹni ọdún 25, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ẹni 50. Àwa ńkọ́? Òfin iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ lọ sinmi ní ọdún 60, tàbí bí ó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Òfin tí a ṣe ní 2022 sì fún àwọn olùkọ́ ní 65, tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀ a ń rí ẹni tí ó ti pé 60, tí ó lọ búra nílé ẹjọ́ pé 54 ni òun, kí ó lè pẹ́ lórí àga. Àga tí àgbà kò dìde lórí rẹ̀, ọmọ wo ni yóò jókòó síbẹ̀? Nínú ẹni tí ó parọ́ ọjọ́ orí kí ó má baà sinmi, àti ẹni tí kò yá owó ṣe ayẹyẹ, tí kò dá aṣọ ẹbí tí apá rẹ̀ kò ká, tí ó sì ṣún owó ná títí ó fi rí ìsinmi rà, àwa mọ ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bá wí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹjọ́ mẹ́ta ni a ní í bá yín rò.

Èkíní ni ti ìṣirò náà fúnra rẹ̀. 30 ọdún ni Bengen ṣírò fún, fún ẹni tí ó fẹ̀yìn tì ní ìgbà àgbà. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 40, tí Ọlọ́run sì fún ní ẹ̀mí dé 85, ọdún 45 ni yóò jẹun. Ta ni yóò bọ́ ọ fún ọdún 15 tí ó kù? Ẹ tún wo òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tí yóò gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ní pípé lábẹ́ ètò tuntun wọn gbọ́dọ̀ ní ọdún 35 nínú ìwé ìdáwó; ẹni tí kò bá sì ní tó 10 kò ní gba nǹkan kan. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 22, tí ó dáwọ́ dúró ní 40, 18 péré ni ó ní, àfi bí ó bá ń fi owó ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ fẹ́ fi náírà ṣe irú ìṣirò yìí, ẹ rántí pé kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, náírà tí ìjọba ń gbà fún dọ́là kan kò tó 500. Ní 2024 ó ré kọjá 1,500. Ní 2024 yìí kan náà, ọjà fi èyí tí ó ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i láàárín ọdún kan. Owó tí ẹ kó pamọ́ ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn, ẹ sì ń ka ìdá mẹ́rin. Ẹ má fi òṣùwọ̀n ọjà òyìnbó wọn gaàrí ọjà wa.

Èkejì ni ti àlejò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, onílé a máa wà nílé kí àlejò tó wọlé. Òun ni yóò bu omi fún un, tí yóò gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, tí yóò sì mú un lọ kí baálé àti ìjòyè àdúgbò. Láti ọjọ́ náà lọ, bí àlejò bá jẹ gbèsè, ojú onílé ni ìlú ń wò. Bí wọ́n bá sì fi ìyà jẹ ẹ́, onílé ni yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Nígbẹ̀yìn àlejò a di ará ilé. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ń joyè láàárín wa lónìí, àlejò ni baba ńlá wọn nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ̀lú. Ti Brighton yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Onílé gbọ́dọ̀ jáde kí aṣọ́lé tó wọlé. Bí onílé bá sì dé, aṣọ́lé gbọ́dọ̀ lọ. Wọ́n lè pàdé lẹ́nu ọ̀nà láti gba kọ́kọ́rọ́ àti láti mọ orúkọ ajá, ó parí. Wọn kì í bá ara wọn gbé, wọn kì í bá ara wọn jẹ. Ogún ọdún irú èyí kò lè sọ ènìyàn di ọmọ ìlú. Àní ní ilẹ̀ mìíràn, àwọn aṣọ́bodè ka ṣíṣọ́ ilé sí iṣẹ́, bí kò tilẹ̀ sí owó níbẹ̀, wọ́n sì ti dá àwọn kan padà nítorí rẹ̀. Bí aṣọ́lé bá ṣàìsàn lóru, ajá yóò mọ̀. Ènìyàn wo ni yóò mọ̀?

Brighton yìí kò sì ṣàjèjì sí ìran wa. Níbẹ̀, nínú ìjọ St Nicholas, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862, ni a gbé so Àìná pọ̀ mọ́ James Davies, oníṣòwò ará Èkó, ní ìgbéyàwó. Àìná ni àwọn òyìnbó ń pè ní Sarah Forbes Bonetta. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa nísinsìnyí. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o lẹ́rú ní 1848. Ní 1850 ọba wọn fi í ta ọ̀gákọ̀ òyìnbó lọ́rẹ fún Ọbabìnrin Victoria. Láti ìgbà náà, ilé onílé ni: ilé ọ̀gákọ̀ náà, ilé-ìwé àwọn ajíhìnrere ní Freetown, ilé ẹbí Schön ní Gillingham, lẹ́yìn náà ilé obìnrin àgbà kan ní Brighton títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Kì í ṣe òun ni ó yan ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ó sì tó àkókò tí ó ní ilé tirẹ̀, ilẹ̀ wa ni ó padà sí, sọ́dọ̀ ọkọ tí ó ti ná owó rẹ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀ Grammar School ti àwọn C.M.S. ní Èkó ní 1859. Ohun tí a fi ipá fi Àìná sí ni ẹ̀yin fi ọwọ́ ara yín yàn, tí ẹ ń pè ní òmìnira. Ẹ rò ó wò.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wúwo jù. A fi apá kan ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Léfì pamọ́ dè yín. Orí Bíbélì kan náà tí ó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹni 50, kò ní kí wọ́n lọ. Ó ní kí wọ́n wà pẹ̀lú àwọn arákùnrin wọn nínú àgọ́, kí wọ́n máa ṣọ́ ohun tí a fi sí wọn lọ́wọ́. Ẹrù wúwo ni a sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn. A kò tú wọn ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn baba wa. Àgbà tí kò lè lọ sí oko mọ́ a jókòó lágbo ilé, a parí ìjà, a kọ́ ọmọdé ní oríkì, a mọ ibi tí ààlà ilẹ̀ wà. Ìsinmi rẹ̀ ni ìwé òfin ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọdún 40 láti sinmi, ta ni ń jẹ àǹfààní rẹ̀? Ẹ ń ṣọ́ ilé onílé, ilé baba yín ń wó.

Nísinsìnyí a ó yí ojú padà sí ara wa, ẹ̀yin ìjòyè àti ọlọ́rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ní tọ́ bí a bá fi ẹ̀bi sí ọ̀dọ̀ ọmọ nìkan. Ẹ rìn yí ìlú yín ká. Ẹ ó rí ilé alájà méjì àti mẹ́ta tí a tì pa, tí a ń ṣí ní ọdún Kérésì, ní Iléyá, tàbí nígbà òkú. Àwọn yòókù nínú ọdún, ọdẹ kan àti aláǹgbá ni ó ń gbé inú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ilé ẹbí tí igi òrùlé rẹ̀ ti ń jẹrà. Ẹni tí ó kọ́lé tí kò gbé e, ẹnu wo ni yóò fi bú ẹni tí ń gbélé tí kò kọ́ ọ? Bí ọmọ bá sì ní òun ń bọ̀ wálé, ìwé ìdáwó ni à ń fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu odi. Ó sì ní ẹ̀rù mìíràn: ọ̀nà tí kò ní ààbò, iná tí kò sí, omi tí kò yọ. Irọ́ kọ́ ni ó ń pa.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan ka iye ilé tí a tì pa ní agbo rẹ̀. Kí ẹbí fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan lé ọmọ tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ fún ọdún kan sí méjì, láìgba owó ilé. Kí ọmọ náà tún òrùlé ṣe, kí ó gbá àyíká, kí ó sì fi ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò ní kíkà àti kíkọ èdè Yorùbá, nítorí àwa tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ mọ̀ pé ọwọ́ kò tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bù ú ní owó bí ẹni tí ó wa góòlù dé. Ẹlòmíràn yóò ní, ‘Ẹni tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ lónìí, kò ha ní sọ pé òun ni ó ni ilé lọ́la?’ Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà: nínú àṣà wa, gbígbé inú ilé ẹbí kò sọ ẹnì kan di ẹni tí ó lè dá a tà láìsí àṣẹ olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Ní ti ààbò àti omi, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ni ẹ ní etí ìjọba. Ẹ má jẹ́ kí ó sinmi.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Brighton àti níbi gbogbo, a kò ní kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ ti fi sílẹ̀. Ẹ ti kọ́ bí a ti ń tọ́jú ilé tí kì í ṣe tẹni, tí ohunkóhun kò sì bàjẹ́ níbẹ̀. Ọgbọ́n tí ilé yín ń fẹ́ nìyẹn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ kọ̀wé sí olórí ẹbí yín nínú oṣù yìí, kí ẹ béèrè ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ má jẹ́ kí ìwé náà dé kí ẹ tó gbá inú ilé.

Ire o.